Ọ̀já Tìrẹ Ṣì Wà Lọ́wọ́ Mi

Ilé Bàbá Wolé-wolé,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ayépé-Ìjẹ̀bú.
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn Àjíǹde.

Olúyọmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa Ayọ̀fẹ́, mo kí Bọ̀wálé àti àbúrò rẹ̀ Ayọ̀tọ̀míwá. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Bí o bá béèrè tiwa, a dúpẹ́, ara wa le níwọ̀n bí ara àgbà ṣe ń le, ìyẹn ni pé orúnkún ìyá rẹ ṣì ń sọ fún wa nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ojú òsì mi sì ń ṣomi díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run tó mú wa ti Èkó délé láìfara pa, kó máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ tìrẹ náà, kó má jẹ́ kí iṣẹ́ tí ò ń ṣe jẹun jẹ ọ́ mọ́ oúnjẹ. Àmín.

Lọ́jọ́ tí o pè mí tí o bi mí pé báwo ni ìgbádùn náà ṣe rí, mo ní ó dára. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìròyìn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe wolé-wolé fún ìjọba, mi ò sì fi ẹnu lásán jábọ̀ rí. Ohun tí mo bá rí, inú ìwé ni mo ń kọ ọ́ sí, kí ẹni tó rán mi níṣẹ́ lè jókòó kà á. Ìwọ lo rán wa lọ sí ọgbà ìṣeré, ìwọ náà ni mo sì ń jábọ̀ fún. Ìdí kejì ni pé fóònù yìí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀ pé bí mo bá ti gbé e sétí tí ọ̀rọ̀ sì fẹ́ wọra, ńṣe ló máa ń pa ojú rẹ̀ dé, á di dúdú bí ẹni tí oorun ń kùn, èmi náà á sì dákẹ́ kí n má baà dí i lọ́wọ́. Ìyá rẹ ní etí tí mo gbé e mọ́ ló ń fà á, ṣùgbọ́n ibo ni ká tún gbé e mọ́?

Nílé níbí, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú, méjì ń jó kiri àgbàlá. Atẹ́gùn ọ̀sẹ̀ tó kọjá ká páànù méjì lórí ilé ìdáná. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lẹ nọ́ńbà gígùn kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, nọ́ńbà mẹ́wàá lórí ìlà kan, mo sì ṣí ìwé orin mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, mi ò rí orin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, wọ́n ti gba ọrẹ tán, oníkálukú ń tẹ fóònù. Mo ti bá bàbá ìjọ sọ ọ́ pé kò dára kí èèyàn máa tẹ fóònù nígbà tí à ń wá orin.

Ó yá, ká wá sórí ìròyìn.

A dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gba kúlà ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ, ó ní oúnjẹ ìta kì í wọlé. Ìwọ náà mọ̀ pé ìdájí ni ìyá rẹ ti ń rin ewùrà yẹn nínú ilé ìdáná Ayọ̀fẹ́, tó sì ń bínú sí iná gáàsì pé kò ní èéfín. Mi ò bá ẹ̀ṣọ́ náà jà, òfin ni òfin, ṣùgbọ́n mo bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí nígbà tí èmi ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹran tó ti wú nínú ọjà, mo máa ń ja rìsíìtì fún ẹlẹ́ran, kódà bó bá ń ṣépè fún mi lọ́wọ́. Kò ní rìsíìtì. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù kan. Mo kà á tán, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn wa sì ń mí hẹ̀ẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ní bí nǹkan bá ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa, kò sọ́wọ́ àwọn níbẹ̀. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ pé mi ò tíì rí olóúnjẹ tó ń ní kí oníbàárà buwọ́ lùwé ṣáájú pé bí inú bá run òun, òun ni òun jẹ̀bi. Mo fi bírò pupa mi fa ìlà sí ìpínrọ̀ kẹta àti ìkẹrin, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé a kò gbà, mo buwọ́ lù ú, mo kọ déètì. Ó gbà á, kò tilẹ̀ wò ó. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọn á ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, orúkọ rẹ ni mo kọ. Ó bi mí pé ṣé ẹni náà ò sí lára yín ni, mo ní ó wà lára wa, òun ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lábẹ́ igi ọ̀pẹ yẹn.

Ìgbà náà ló wá ń so ọ̀já kékeré wọ̀nyẹn mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́. Ó so tèmi, ó so ti ìyá rẹ, ó so ti Ayọ̀fẹ́ àti ti àwọn ọmọ, ó sì sọ fún wa, mo gbọ́ ọ yékéyéké, pé a ò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, pé bó bá ti kúrò lọ́wọ́ èèyàn, onítọ̀hún ò lè wọlé mọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Nígbà tó kan ìwọ, o sáré dé, o gba ọ̀já náà lọ́wọ́ rẹ̀, o fi í lé mi lọ́wọ́, o ní Bàbá, ẹ bá mi mú un dání, wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín, kò ní ju wákàtí kan lọ. O wá lóṣòó níwájú Ayọ̀tọ̀míwá, o ní kó má gun wíìlì ńlá o, kó dúró dè ọ́, pé ìwọ àti òun lẹ jọ máa gùn ún. Ó mi orí. Mo wo aago: ó kọjá mẹ́wàá ní ogún ìṣẹ́jú.

Nínú ọgbà, mo yẹ ibẹ̀ wò. Kò kúkú sí bí a ṣe lè se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n fi ẹnì kan sẹ́yìn ògiri tó jẹ́ pé bí o bá ti na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, á ṣí i fún ọ, bí o bá sì ti fa ọwọ́ sẹ́yìn, á tì í. Mo dán an wò nígbà mẹ́fà, kò gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Mo kí i kú iṣẹ́ lára ògiri, kò dáhùn, bóyá wọn ò gbà wọ́n láyè kí wọ́n máa bá àlejò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n odò tí wọ́n ń tu ọkọ̀ ojú omi nínú rẹ̀ kò dára. Mo fi ike bù ú wò, tanwíjí ló kún un. Mo jókòó, mo kọ ìwé ìkìlọ̀, mo fún wọn ní ọjọ́ méje, mo sì fi í lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zayd lọ́wọ́, òun ló ń mójú tó wíìlì ńlá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní ẹ ṣé, Bàbá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Ti ìyá rẹ ni kí n tó gbàgbé. Ìyá rẹ wa ọkọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí kò wa kẹ̀kẹ́ rí, wọ inú mọ́tò kékeré kan, ó di ìdarí mú. Ìwà tó wà níbẹ̀ burú. Wọ́n kọ lù ú nígbà méje, kò sí ẹnì kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó bèèrè ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo dúró síta, mò ń kọ nọ́ńbà àwọn tó jẹ̀bi sílẹ̀, kí Bọ̀wálé tó wá ṣàlàyé fún mi pé eré náà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó yí ìdarí, ó sì lé ọkùnrin sísanra kan títí tó fi há a mọ́ kọ̀rọ̀. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí o ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Láti ọjọ́ tí a ti dé, ó ń bá àwọn ọlọ́kadà Ayépé wí lórí bí wọ́n ṣe ń yà, ó ní bí òun bá rí ìwé àṣẹ gbà, òun lè máa gbé ara òun lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo èyí ni mo fi sọ fún ọ pé ó dára. Ó dára lóòótọ́.

Ní aago méjìlá, Ayọ̀fẹ́ ní ká lọ wo wíìlì ńlá náà ná. Irin róbótó gíga ni, ó ga ju ilé ìṣọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ní yàrá kéékèèké tó so rọ̀ yí i ká. Wọ́n ri igi kan mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n fa ìlà pupa sí i, ọmọ tí orí rẹ̀ ò bá tó ìlà kò gbọ́dọ̀ dá gùn ún. Orí Ayọ̀tọ̀míwá kù díẹ̀. Mo sọ fún Zayd pé àṣìṣe wà nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn ọmọ, mo ní kí ọmọ náà na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àtàrí, ó nà á, ó kan etí òsì rekete. Bí a ṣe gbà ọ́ sí pámárì wáànù ní Ayépé níbí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bá wa jiyàn. Zayd ní òun gbà, Bàbá, ṣùgbọ́n irin yìí ò mọ̀ nípa etí, kí àgbàlagbà kan bá a gùn ún ni. Ayọ̀fẹ́ ní òun á bá a gùn ún. Ọmọ náà ní rárá, Dádì ní òun ń bọ̀.

Ó rìn lọ sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó. Mo lọ jókòó tì í. Ayọ̀fẹ́ mú Bọ̀wálé lọ síbi eré mìíràn, ìyá rẹ padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Èmi àti ọmọ náà jọ ń wo ẹnu ọ̀nà. Bí ọkùnrin gíga kan tó wọ ẹ̀wù funfun bá ti yọ, ọmọ náà á dìde, á wò ó, á tún jókòó. Ìgbà mọ́kànlá ló dìde. Ìwé ni mo kọ ọ́ sí, ó wà níwájú mi níbí. Mo pè ọ́ ní aago kan, ó ń dún, o ò gbé e. Mo pè ọ́ ní aago méjì. Ní aago mẹ́rin o fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Ayọ̀fẹ́ pé ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ayọ̀fẹ́ ra áísìkirímù fún ọmọ náà, ọmọ náà mú un dání títí tó fi yọ́ sí i láṣọ, nítorí ó ní òun ń fi ìdajì pa mọ́ fún ọ.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́fà lù, Zayd rìn wá bá wa fúnra rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ yí i fún ìgbà ìkẹyìn, kí Bàbá àgbà bá a gùn ún, òun á yí i jẹ́jẹ́. Mo dìde. Ayọ̀tọ̀míwá wo ojú mi, ó ní Bàbá àgbà, ẹ̀rù ń bà yín. Mo ní kò bà mí. Ó ní ẹ jókòó, Dádì ní kí n dúró. Mo sì jókòó. Mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ: inú mi dùn pé ó kọ̀, nítorí mi ò lè wo ilẹ̀ láti ibi gíga, ojú sì ti ń tì mí nítorí ìdùnnú yẹn láti ọjọ́ náà. Wíìlì náà yí lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ó dúró, wọ́n pa iná rẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn bi mí pé ṣé wọn ò ní gbé e kúrò níbẹ̀, mo ní wọn ò lè gbé e, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ri ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí à ń jáde, ẹ̀ṣọ́ náà gbé kúlà ìyá rẹ wá, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ọmọ Odogbolu ni òun, láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, òun ò tíì fẹnu kan ìkọ́kọrẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀, kí Màmá má bínú. Ìyá rẹ gbàdúrà fún un níbẹ̀ lórí ìdúró. Èmi náà fi ìlà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé mi.

Nínú ọkọ̀, Ayọ̀tọ̀míwá sùn lọ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Mo tẹ̀ba láti bọ́ ọ fún un, ọwọ́ mi sì dúró lórí bàtà náà, nítorí mo ti rí bàtà bẹ́ẹ̀ rí. O lè má rántí. Ọmọ ọdún méje ni ọ́. Mo ti ṣèlérí fún ọ pé màá mú ọ lọ sí ìpàtẹ àwọn àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí o lọ wo màlúù òyìnbó tí wàrà rẹ̀ ń kún garawa. O wọ bàtà Kérésìmesì rẹ, o jókòó sórí pèpéle láti àárọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì, kò ní ju wákàtí kan lọ. Kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn ló dá mi dúró, ì bá dára bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ló ní kí n tún ìwé kan kọ nípa ṣáláńgá, mo tún un kọ, ó ní kí n tún un kọ sí i. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó dé. O ti bọ́ bàtà náà fúnra rẹ, o ti nù ún, o ti dá a padà sínú páálí rẹ̀. O ò dárúkọ màlúù náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn, èmi sì rò pé o ti gbàgbé ni, mo tilẹ̀ yìn ọ́ lójú àwọn èèyàn pé ọmọ mi kì í yọni lẹ́nu.

Olúyọmí, ó dùn mí. Mo ṣẹ̀ ọ́. Ó ti di ọdún méjìdínlógójì, ìwé tí ọ̀gá mi ní kí n tún kọ, mi ò mọ ibi tó wà mọ́, kò sì sí ẹni tó kà á. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lo lọ ṣe, mo sì mọ̀ pé owó tí a fi wọ ọgbà náà, inú iṣẹ́ yẹn ló ti wá. Mi ò kọ̀wé láti bá ọ wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o dé lálẹ́ ọjọ́ náà tí àwọn ọmọ ti sùn, tí Ayọ̀fẹ́ sì ní wọ́n gbádùn ara wọn, mo dákẹ́, nítorí mo rò pé ọmọ náà á sọ ọ́ fún ọ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ìyá rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó ti béèrè ọjọ́ tí ẹ máa padà lọ lọ́wọ́ rẹ. Ó ní òun ò ní béèrè mọ́, kí òun má baà yọ Dádì lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi ra ìwé àti bírò.

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ tọrọ. Èkínní, owó páànù méjì àti ti káfíńtà, kí òjò tó wọlé. Èkejì, oògùn ojú mi, èyí tó wà nínú ìgò kékeré. Ẹ̀kẹta ni owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ wá sí Èkó lọ́jọ́ tí o bá mú. Má fi owó ìwọlé kún un, nítorí a ò tíì bọ́ ọ̀já wa. Ọ̀rá ni ìyá rẹ ń fi wé tirẹ̀ bó bá fẹ́ fọṣọ, èmi ń na ọwọ́ òsì síta bí mo bá ń wẹ̀. Alàájì Gbàdàmọ́sí aládùúgbò wa ní òun ò rò pé yóò ṣiṣẹ́, pé wọ́n so irú rẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ ní Mẹ́kà, kò sì mú òun padà dé ibẹ̀. Mo ní Mẹ́kà yàtọ̀, ti ìwọ̀nyí ni a gbọ́ láti ẹnu òṣìṣẹ́ wọn: bó bá kúrò lọ́wọ́, a ò lè wọlé mọ́, tiwa ò sì tíì kúrò. Ayọ̀tọ̀míwá náà ò bọ́ tirẹ̀. Ayọ̀fẹ́ ní olùkọ́ rẹ̀ ti ń ráhùn, òun sì gbé àlùmọ́gàjí sí i lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà bú sẹ́kún. Kó tó di pé a kúrò lọ́dọ̀ yín, ó bi mí pé ṣé kò ní bàjẹ́. Mo fi iṣẹ́ ìjọba tí mo ṣe búra fún un pé kò ní bàjẹ́. Mo ti purọ́ fún ọmọ kan rí, má jẹ́ kó di méjì.

Ọlọ́run á fún ọ ní iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é délé kí oúnjẹ tó tutù. Àwọn ọmọ rẹ á dìde fún ọ, wọn ò ní tún jókòó. Ẹni tí ò ń dúró dè á dé, ìwọ náà á dé bá ẹni tó ń dúró dè ọ́. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé àmín ti òun ju tèmi lọ.

Alàájì ń bọ̀ wá sí Èkó ní Ọjọ́bọ̀, òun ni màá fi lẹ́tà yìí rán. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀já tìrẹ sínú rẹ̀, mo tún yọ ọ́. Ó wà nínú Bíbélì mi, ẹnikẹ́ni ò tíì so ó mọ́ ọwọ́, ó ṣì mọ́. Mi ò ní fi rán ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo ní kí n mú un dání, pé kò ní ju wákàtí kan lọ, mo sì ṣì mú un dání.

Èmi ni bàbá rẹ,
Theophilus.